Bọ́ọ̀lù Tó Rọrùn Ló Pa Mí Láyò

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ní Houston níbí, àwọn òbí Yorùbá ò yé pè mí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: ọmọ àwọn lẹ́bùn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń yìn ín, ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ti wá jókòó wò ó, kí ni káwọn ṣe? Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, àti èyí tó dùn, àti èyí tí mi ò fẹ́ràn láti máa rántí. Mo gbá bọ́ọ̀lù yìí gbowó láti 2013 títí di 2018. Mi ò dé líìgì ńlá. Tẹ́ ẹ bá wá orúkọ mi, àkọsílẹ̀ àwọn líìgì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ ó ti rí i, àṣìṣe mi á sì wà níbẹ̀ ní kíkà.

Shortstop ni ipò mi. Fún ẹni tí kò mọ eré náà: béèsì mẹ́rin ló wà lórí pápá, ẹsẹ̀ bàtà 90 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó mú igi lọ́wọ́ á gbá a, á sì sáré lọ sí béèsì kìíní. Bí àwa tó wà lórí pápá bá he bọ́ọ̀lù náà nílẹ̀, tá a jù ú dé béèsì kìíní kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kàn án, ó ti jáde nìyẹn. Àárín béèsì kejì àti ìkẹta ni shortstop máa ń dúró, apá ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a máa ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àti díẹ̀ ni ẹni tó ń sáré máa lò. Kí ìyẹn tó pé, o gbọ́dọ̀ ti mú bọ́ọ̀lù, kí o ti tún ẹsẹ̀ tò, kí o ti jù ú la pápá kọjá. Nínú àkọsílẹ̀, ipò kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, 6 sì ni ti shortstop. Tó o bá ṣìṣe, E6 ni wọn ó kọ, á sì hàn lára pátákó ńlá níta. Mi ò tíì rí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ti ń gbé àṣìṣe èèyàn síta fún gbogbo ayé kà, kí ẹni tó ṣe é tó ráyè mí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ pé kó má dójú ti ilé, iṣẹ́ yẹn á kọ́kọ́ dá a lágara.

Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Lọ́tìrì físà ló gbé wa dé Houston nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Alief la gbé, àdúgbò tó jẹ́ pé bó o bá jáde nílé, o ó gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Sípáníìṣì àti èdè Vietnam kó o tó dé òpin òpópónà. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó wà ní fúláàtì òkè wa ló kọ́kọ́ fún mi ní ìbọ̀wọ́. Lójú Dádì mi, bí eré ìdárayá bá máa di iṣẹ́, Hakeem Olajuwon ni àpẹẹrẹ, ọmọ Èkó tó gba ife fún Rockets, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Houston, ní 1994 àti 1995. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gíga mi ò ju ti Mọ́mì lọ. Ohun tí mo ní ni ẹsẹ̀ tó yá, ọwọ́ tó rọ̀, àti pé bọ́ọ̀lù kì í bà mí lẹ́rù.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa nílé ìwé girama ní ìbọ̀wọ́ kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní ihò tí bọ́ọ̀lù lè há sí. Òun ló ń mú ká wọ̀, kí ọwọ́ méjèèjì lè kọ́ láti ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ wá irú ẹ̀ fún ọmọ yín, kò wọ́n. Ohun kejì tó kọ́ mi ni pé bọ́ọ̀lù tó ta sílẹ̀ lẹ́bàá ìbọ̀wọ́ rọrùn, èyí tó ta sílẹ̀ lọ́nà jíjìn tó sì ga sókè náà rọrùn. Èyí tó bọ́ sí agbedeméjì wọn ló ń fọ́ èèyàn lẹ́nu. Ẹsẹ̀ lo fi ń yan èyí tó o fẹ́, nípa sísún síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró gbagidi, bọ́ọ̀lù ló máa yàn fún un. Títí dòní, ẹsẹ̀ ọmọ ni mo máa ń wò kí n tó wo ọwọ́ rẹ̀.

Kò sí yunifásítì ńlá tó pè mí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan ní Texas ni mo lọ, Dádì mi sì ka ìyẹn sí ìfàsẹ́yìn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó wà ní irú ilé ìwé yẹn lè wọ draft, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele-ìpele, lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá lọ sí yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ dúró di ọdún kẹta tàbí kó pé ọmọ ọdún 21. Lọ́dún 2013 tí mo wọlé, ìpele 40 ni draft ní. Láti 2021, 20 péré ni. Ìpele tí wọ́n ti pe orúkọ tèmi kò sí láyé mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀nà tí mo gbà wọlé tu ara rẹ̀ nínú.

Scout, ìyẹn ẹni tí ẹgbẹ́ ń rán kiri láti wá agbábọ́ọ̀lù, tó gbé ìwé wá sílé wa jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Mọ́mì gbé ìrẹsì àti dòdò síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì sọ iye tó wà: 5,000 dọ́là, kí owó orí tó jáde nínú ẹ̀. Dádì mi ti ń wá bírò. Mọ́mì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì alẹ́, tí kò tíì sùn láti àná, béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà pé ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́. Ó ṣàlàyé pé ètò kan wà tí ẹgbẹ́ máa fi kọ iye tí wọn ó san fún ẹ̀kọ́ agbábọ́ọ̀lù sínú àdéhùn, sáà kan sí èkejì, bó bá kúrò lẹ́nu eré. Àmọ́ wọn kì í sábà kọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n bá mú ní irú ìpele tèmi. Mọ́mì ní kò burú, kí wọ́n ṣe tiwa ní èyí tí wọn kì í sábà ṣe.

Nígbà tó rí i pé mo ti nawọ́ sí ìwé náà, ó yí sí mi ní Yorùbá.

“Àkànní, jókòó. Ẹnì kan ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan níbí títí n ó fi rí i lórí ìwé.”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n máa mú ẹlòmíì.”

“Kí wọ́n mú un. Ṣé ìwọ nìkan lọmọ tí wọ́n bí ni?”

Inú bí mi débi pé mi ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkùnrin náà padà wá pẹ̀lú ojú ìwé tuntun. Owó ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù fún mi, òun nìkan ló ṣì ń mówó wọlé fún mi lónìí, kì í sì í ṣe èmi ni mo béèrè rẹ̀.

Florida ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, sí Gulf Coast League, ọ̀kan lára àwọn líìgì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọ̀sán gangan la máa ń gbá a, nínú oòrùn oṣù Keje, lórí pápá tí kò sí èrò, àfi àwọn scout tó jókòó sábẹ́ ìbòòji àti ìyá ẹnì kan. A máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Igi onírin la fi ń gbá a ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ibí yìí, igi gidi ni, bí bọ́ọ̀lù ò bá sì bá a níbi tó yẹ, á kù nílẹ̀ níbẹ̀, igi náà á sì fọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ṣe bí akọni nílé ìwé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé igi onírin ló ń bá wọn ṣe akọni.

Owó oṣù mi jẹ́ 1,100 dọ́là. Oṣù tí eré ń lọ nìkan ni wọ́n ń san án. Ní sáà ìgbaradì, tí gbogbo wa wà ní ibùdó látàárọ̀ kùtùkùtù, kò sí owó oṣù, àfi owó oúnjẹ. Nígbà tí mo gòkè sí líìgì A, àwa márùn-ún la gba fúláàtì oníyàrá méjì. Bẹ́ẹ̀dì táyà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ni mo sùn lé lórí, ó sì máa ń jò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: bí wọ́n bá gbé ẹ gòkè lọ sí ìlú mìíràn láàárín oṣù, owó ilé ti ìlú tó o fi sílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ. Lọ́dún kan, ilé méjì ni mo ń sanwó rẹ̀ lórí owó oṣù tí kò tó ọ̀kan. Ohun kejì ni owó orí. Ìpínlẹ̀ tó o bá ti ṣiṣẹ́ lè béèrè tiẹ̀. Florida àti Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibòmíì ń gbà á. Mo da àwọn ìwé W-2 mi, ìyẹn ìwé tó ń fi owó oṣù àti owó orí ọdún kan hàn, nù bí ìwé lásán, ìjọba sì kọ lẹ́tà sí mi. Ní ìgbà òtútù, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń gbé páálí, láti alẹ́ títí di ìdájí, kí n tó lọ fi igi gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án.

Ní Ìbàdàn ńkọ́? Wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo bí ẹ ó ṣe ṣàlàyé líìgì kékeré fún ẹni tó ń rí owó tí wọ́n ń san fáwọn agbábọ́ọ̀lù England nínú ìwé ìròyìn. Àbúrò Dádì mi pè mí, ó ní, “Àkànní, Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Mọ́tò kan péré ni mo fẹ́, kò pọn dandan kó jẹ́ tuntun.” Ó yẹ kí n sọ fún un pé àkàrà òyìnbó àti ẹ̀pà lílọ̀ ni mo fi ṣe oúnjẹ alẹ́. Mo ní, “Ó ń bọ̀, sà.” Ní òde ìgbéyàwó ní Houston, àwọn àǹtí á pè mí wá síwájú kí olórin jùjú kì mí, wọ́n á béèrè ọjọ́ tí wọn ó rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n, màá rẹ́rìn-ín. Owó tí mo ń ná kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mi ò lówó pọ̀ ju owó tí mo ń jẹun lọ. Mo ń dá a sọ nítorí pé mo ń rí i lára àwọn ọmọ ìsinsìnyí, tí àwọn òbí wọn ti gbé fọ́tò wọn sórí WhatsApp kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo.

Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ jù ni àwọn ọmọ Dominican tá a jọ ń gbé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fọwọ́ síwèé látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 16. San Pedro de Macorís, ìlú ìrèké, ni ẹnì kan nínú wọn ti wá, ibi tí Tony Fernández tó gba Gold Glove, ẹ̀bùn ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù ní ipò rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí shortstop ti jáde. Lórí ilẹ̀ olókùúta ni wọ́n ti kọ́ eré náà, nítorí náà kò sí bí bọ́ọ̀lù ṣe lè ta tó máa yà wọ́n lẹ́nu. Ọmọ Kúbà kan náà wà pẹ̀lú wa, tí kì í bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun kúrò lọ́rùn. Ó ní ti Changó ni. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó dìde lórí àga, ó ń kí mi bí ẹni tó rí àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin kan fún Yemayá. Èmi tí wọ́n tọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tó gba gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ mi, mi ò mọ ìdajì ohun tó ń kọ. Ojú tì mí díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la di ọ̀rẹ́, òun ló sì kọ́ mi bí a ṣe ń se ẹ̀wà dúdú nínú ìkòkò kan fún èèyàn márùn-ún.

Ọdún kẹta ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, ní ìlú kékeré kan ní Midwest. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù wẹ́rẹ́ tààrà sọ́dọ̀ mi. Mo he é, mo gbójú sókè, àyè pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹni tó ń sáré ò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Bí mo ṣe ní kí n jù ú, ọwọ́ mi bi mí léèrè pé báwo la ṣe ń jù ú ná. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá lórí ẹni tó wà ní béèsì kìíní, ó wọ àárín èrò. E6. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan, kò sí shortstop tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀, lórí bọ́ọ̀lù tó tún rọrùn ju ti àná lọ.

Ohun tó rú mi lójú ni pé bọ́ọ̀lù tó le ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èyí tí mo bá sáré lé lọ sápá ọ̀tún lọ́hùn-ún, tí mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mú, tí mo jù láì dúró, á lọ tààrà sí àyà ẹni tí mo jù ú sí. Èyí tó bá fún mi láyè láti ronú ni mi ò lè jù mọ́.

Yips ni orúkọ rẹ̀. Nínú yàrá tá a ti ń múra, wọn kì í dárúkọ rẹ̀, bí àwa náà kì í ṣe í pe ejò lórúkọ lálẹ́. Chuck Knoblauch ti gba Gold Glove ní béèsì kejì ní 1997. Nígbà tó fi di 2000, tó wà pẹ̀lú Yankees, kò lè ju bọ́ọ̀lù ibi tí kò jìnnà dé béèsì kìíní. Ọ̀kan nínú ohun tó jù fò wọ àárín èrò, ó sì ba ìyá oníròyìn Keith Olbermann lójú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn pápá ni wọ́n gbé e lọ. Ṣáájú rẹ̀, Steve Sax ti Dodgers ṣe àṣìṣe 30 ní 1983, ó sì bọ́ nínú rẹ̀. Ká ní mo mọ ìtàn Sax nígbà yẹn, bóyá mi ò bá tètè lanu. Ti Knoblauch nìkan ni mo mọ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo kọ́kọ́ ń lọ sí pápá ṣáájú gbogbo èèyàn láti lọ ju bọ́ọ̀lù, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíì, títí èjìká á fi máa ta mí. Ṣe ni mo ń bomi rin ín. Bí mo ṣe ń jù ú sí i ni mo ń ronú nípa ìgúnpá, nípa ìka, nípa ìgbà tó yẹ kí n jọ̀wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo sọ fún dókítà ẹgbẹ́ pé ìgúnpá ń dùn mí. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo sì fi irọ́ yẹn jókòó lórí bẹ́ǹṣì fún ìgbà díẹ̀, ara tù mí. Nígbà tí mo padà, mo máa ń gbàdúrà lórí pápá kí bọ́ọ̀lù má wá sọ́dọ̀ mi. Shortstop tó ń gbàdúrà kí bọ́ọ̀lù má wá! Mọ́mì á pè lẹ́yìn iṣẹ́ òru rẹ̀, á ní, “Àkànní, ṣé kò sí?” Màá ní kò sí, Mà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Mo mọ òwe náà. Mo rò pé fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa níbi ìgbaradì ló tú mi fó. Kò béèrè ohun tó ń ṣe mí. Ó kàn ní, “O ti ń dúró jìnnà sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ,” lóòótọ́ sì ni: kí bọ́ọ̀lù lè pẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi, kí n má bàa ní àyè láti ronú, mo ti ń sún sẹ́yìn láìmọ̀. Mo sunkún níwájú rẹ̀. Òun ló mú mi lọ bá obìnrin kan tí ẹgbẹ́ gbà síṣẹ́ láti máa bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ nípa ọkàn wọn. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ mi, ọ̀fẹ́ ni, mo sì ti máa ń gba iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ kọjá lọ síbi oúnjẹ.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò ní àṣírí kankan nínú. Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn tí mo bá he bọ́ọ̀lù. Kí n máa rìn lọ síbi tí mo fẹ́ jù ú sí títí yóò fi kúrò lọ́wọ́ mi. Kí n rẹ ọwọ́ sílẹ̀, kí n jù ú láti ẹ̀gbẹ́ dípò òkè orí, nítorí pé ìyẹn ò ní ìrántí búburú nínú. Èkẹta ni pé kí n máa fi ẹnu sọ ohun kan nígbà tí mo bá ń jù ú, ohunkóhun, kí ọpọlọ má bàa ráyè dá sí i. Oríkì tí ìyá bàbá mi fi ń kì mí láàárọ̀ ní Òkè-Àdó ni mo yàn. Ẹni tó wà ní béèsì kejì rò pé mo ń ṣépè fún òun. Kò lọ pátápátá, àmọ́ ó dín kù débi tí mo fi lè ṣiṣẹ́. Bí ọmọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù tó rọrùn nù, ẹ má pariwo sí i láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹ má sì ní kó lọ ju ọgọ́rùn-ún sí i. Ẹ bi í léèrè nínú mọ́tò, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní tèmi, àkókò ti lọ. Ọmọ ọdún 19 kan ti gba ipò mi, wọ́n sì ń gbé mi káàkiri béèsì kejì àti ìkẹta. Bọ́ọ̀lù tó ń tẹ̀ lójijì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbá a kò sì jẹ́ kí igi mi wúlò. Kí n má fi gbogbo ẹ̀bi ru ọwọ́ nìkan. Ní April 2017, a wà nínú yàrá ìmúra nígbà tí Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, wọ pápá fún Pirates, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó dé líìgì ńlá. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ gbá, Jon Lester ló jù ú, ó sì dé béèsì. Láti 2008 ló ti fọwọ́ síwèé. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Lálẹ́, mo ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́sàn-án, fún ẹni tó mọṣẹ́ jù mí lọ fíìfíì. Ọmọ tiwa kan, Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Èkó tó dàgbà ní Kánádà, Brewers ti mú un ní ìpele kẹrin ní 2015, ẹni tó ga, tó lágbára, tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù, líìgì kékeré náà ló ṣì wà nígbà yẹn.

Ní òpin March 2018, wọ́n ní kí n gbé ìwé eré mi wá sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn ti mọ̀. Ọkùnrin méjì jókòó, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú wà níwájú. Kí n tó padà dé ibi àpótí mi, wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára rẹ̀. Ìgbà ìrúwé yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó sọ pé owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan agbábọ́ọ̀lù líìgì kékeré, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó. Mo kà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo rẹ́rìn-ín.

Mo fi ẹ̀rùn yẹn gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan tí kò sí lábẹ́ líìgì ńlá kankan. Àṣìṣe gidi rèé, torí pé àdéhùn mi sọ pé mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé láàárín ọdún méjì sí ọjọ́ tí mo kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ẹ̀kọ́ á lọ. Ẹ̀rùn yẹn ń jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo dùbúlẹ̀ nílé Mọ́mì fún oṣù púpọ̀, mi ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Kò bá mi jà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìwé àdéhùn náà jáde láti inú àpò tó ń kó ìwé ilẹ̀ Ìbàdàn sí, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ tó máa parí. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo oúnjẹ mi, ó lọ sùn. January 2020 ni mo wọ kíláàsì, ó ku oṣù méjì kó kọjá. Mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìtọ́jú ara àwọn eléré ìdárayá, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ Sátidé.

Nǹkan ti yàtọ̀ sí ìgbà tiwa, kí ẹ má sì fi owó tèmi díwọ̀n ti ọmọ yín. Ẹjọ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù pè ní 2014 nítorí owó oṣù parí sí 185 mílíọ̀nù dọ́là ní 2022. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ilé, àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì kékeré sì wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ti líìgì ńlá. Àdéhùn 2023 gbé owó ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá láti 4,800 dọ́là lọ́dún lọ sí 19,800. Ẹni tó kù díẹ̀ kó dé líìgì ńlá kúrò ní 17,500 bọ́ sí 35,800. Sáà ìgbaradì náà ti lówó nínú báyìí. Àmọ́ àyè ti dín kù: láti 160, àwọn ẹgbẹ́ kékeré di 120 ní 2021. Ọjọ́ 43 ní líìgì ńlá lèèyàn fi ń ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, ọjọ́ yẹn ò sì í kan ẹni tó wà nísàlẹ̀ rárá.

Nítorí náà, bí scout bá wá sílé yín, ẹ béèrè iye owó ẹ̀kọ́ lórí sáà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì béèrè iye sáà tó jẹ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lẹ́yìn tó bá kúrò, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń bójú tó ọkàn àwọn agbábọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ náà àti ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹ ka iye tó kù lẹ́yìn owó orí, kì í ṣe iye tó wà lẹ́nu. Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, ẹ̀yin òbí ni kẹ́ ẹ bá wọn sọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ pé owó mọ́tò kò sí níbẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ fún ọmọ. Bí ọkùnrin náà bá sì ní òun ò lè kọ owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n máa ń padà wá.